Ta ló kọ́kọ́ po ọtí Daiquiri, àdàlù rọ́ọ̀mù (ọtí tí wọ́n fi ìrèké ṣe), omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà, ibo sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá?

Kúbà ni. Daiquirí ni orúkọ abúlé kan létí òkun nítòsí Santiago de Cuba, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń wa irin nílẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí ní oṣù kẹfà ọdún 1898. Jennings Cox, ẹnjiníà ibi ìwakùsà yẹn, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Wọ́n ní àlejò dé bá a, jíìnì ti tán nílé, ló bá fi rọ́ọ̀mù rọ́pò.

Lójú tèmi, orúkọ nìkan ni Cox lè fún un. Láti ọdún 1740 ni Ọ̀gágun Edward Vernon ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa bu omi lu rọ́ọ̀mù àwọn atukọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tó bá fẹ́ sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà sí i. Irú àdàlù yìí ti pẹ́ ní àwọn erékùṣù tí wọ́n ti ń gbin ìrèké.

Ẹni tó yẹ ká yìn dáadáa ni Constantino Ribalaigua ti ilé ọtí El Floridita ní Havana, tó lo yìnyín tí wọ́n fọ́ kúnná láti fi ṣe èyí tó dì.

Bí o bá fẹ́ pò ó: rọ́ọ̀mù funfun mílílítà 60, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ fún, nǹkan bí 20, àti ṣúgà ṣíbí tíì méjì. Kọ́kọ́ ro ṣúgà mọ́ omi ọsàn títí yóò fi yọ́, torí kì í yọ́ dáadáa nínú ọtí tútù. Da rọ́ọ̀mù àti yìnyín mọ́ ọn nínú agolo olómorí, mì í títí ara agolo yóò fi máa làágùn, kí o sì sẹ́ ẹ.