Mastà rẹ kò kéré: má ra dókítórà oṣù mẹ́sàn-án

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Kétu ni mí. Mo gba mastà nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní yunifásítì Abomey-Calavi, ó ti pé ọdún méjì, n kò ríṣẹ́. Wọ́n ní mastà ti pọ̀ jù nígboro. Ẹnì kan ní òun lè bá mi gba dókítórà láti òkè òkun láàárín oṣù 9, kí n san 600 000 sẹ́fà, kí n fi wá iṣẹ́ olùkọ́ ní lísè tàbí ní yunifásítì. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Má san án, àbúrò. Má san ìlàjì rẹ̀, má sì san “owó fọ́ọ̀mù” tí yóò kọ́kọ́ bèèrè. Irú ìbéèrè yìí ń wọlé lemọ́lemọ́ láti Àjàṣẹ́, láti Ṣábẹ̀ẹ́, láti Kétu. Iye owó àti iye oṣù nìkan ló ń yí padà.

Kí a tó kan ọkùnrin yẹn, ìbéèrè rẹ fúnra rẹ̀ wọ́ níbì kan. Ta ló sọ fún ọ pé lísè ń bèèrè dókítórà? Ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ ọ̀tọ̀, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Lísáǹsì ọdún 3, mastà ọdún 2, dókítórà ọdún 3 ó kéré tán: ti ìmọ̀ ni gbogbo wọn. Ti iṣẹ́ olùkọ́ ni BAPES, àti CAPES tó ga jù ú lọ. ENS, ilé ìwé gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, tó wà ní Àjàṣẹ́ níbí, ń kọ́ni fún wọn: bí a ṣe ń pèsè ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń fún ọmọ ní máàkì, bí a ṣe ń dúró níwájú kíláàsì gidi lójú ọ̀gá tó ń wò ọ́. Dókítórà mẹ́ta kò lè dí àyè CAPES kan.

Ihò kan sì wà tí àwọn oní-mastà ìmọ̀ ẹ̀dá èdè máa ń já sí. Wọn kì í kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ní lísè. Faransé, Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti jọ́gíráfì, fìlọ́sọ́fì, ìyẹn ni wọ́n ń kọ́. Nítorí náà, bí ìkéde kọnkúù, ìyẹn ìdánwò ìgbanisíṣẹ́, bá jáde, ibi tí wọ́n to irú díplómà tí wọ́n máa gbà sí ni kí o kọ́kọ́ kà, kí o tó wo ọjọ́ orí àti owó. Bí wọ́n bá kọ “Lettres modernes” (èdè àti lítíréṣọ̀ Faransé), tí tìrẹ jẹ́ “Sciences du langage” (ìmọ̀ ẹ̀dá èdè), wọ́n lè ju dósíyè rẹ nù láìka ojú ewé kejì. Lọ bèèrè lẹ́nu wọn kí ọjọ́ ìgbàwé tó pé. Òfin kọnkúù sì máa ń yí lọ́dọọdún: ìkéde ọdún yẹn ni kí o gbà gbọ́, má fi ọ̀rọ̀ mi jẹ́jọ́.

Ó ku yunifásítì. Níbẹ̀, òótọ́ ni, wọ́n ń wo dókítórà. Ṣùgbọ́n CAMES, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Madagascar fún ẹ̀kọ́ gíga, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ouagadougou, ló ń yẹ olùkọ́ wò kí ó tó gun àkàsọ̀ láti asistáǹtì sí maître-assistant, ipò tó tẹ̀lé e, kí ó tó máa lọ sókè. Wọ́n ń ka àpilẹ̀kọ tí o tẹ̀ jáde, wọ́n sì ń wo ibi tí ìwé ẹ̀rí rẹ ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ lè kọ̀wé sí ilé ìwé tó fún ọ ní díplómà, kó bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni oṣù mẹ́sàn-án ti ń tú. Dókítórà gidi ní alábòójútó tí orúkọ rẹ̀ hàn, ó ní àwọn tó ń ka iṣẹ́ náà kí wọ́n tó gbà pé kí o wá gbèjà rẹ̀, ó sì ní ìgbìmọ̀ tí yóò da ìbéèrè bò ọ́ ní gbangba. Bi ọkùnrin rẹ ní orúkọ alábòójútó. Àwọn kan á wá sọ pé honoris causa ni. Oyè ìdálọ́lá nìyẹn, bí ìgbà tí ọba fi oyè dá ènìyàn lọ́lá láàfin. A kì í fi í wáṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ìwádìí gan-an ló wù ọ́, tí o rí alábòójútó àti owó oúnjẹ ọdún mẹ́rin (ọdún mẹ́ta orí ìwé kì í sábà tó), máa lọ. Má kàn fi sá fún àìríṣẹ́ ni.

Ní báyìí, tú mẹ́múwà mastà rẹ, ìwé ìwádìí tí o fi parí ẹ̀kọ́, palẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ju àkọlé lọ: o gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, o kọ ọ́ jáde, o túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Iṣẹ́ tó ń mówó wá nìyẹn fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìdàgbàsókè, rédíò àti àwọn olùwádìí. Má dá owó lé e lójú ewé o. Ìṣẹ́jú ohùn ni kí o fi ṣírò, nítorí ohùn wákàtí kan ń gbà ó kéré tán wákàtí mẹ́rin láti kọ. Bí àmì ohùn àti ìtumọ̀ bá wọ̀ ọ́, tàbí tí wọ́n gbà á sílẹ̀ láàárín ọjà tí ènìyàn méjì ń sọ̀rọ̀ pọ̀, odindi ọjọ́ kan lè lọ sí i. Gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó dá iye. Bèèrè pẹ̀lú: ṣé álífábẹ́ẹ̀tì ti Bẹ̀nẹ̀, tó ń lo ɛ àti ɔ, ni wọ́n fẹ́, àbí ti Nàìjíríà, tó ń lo ẹ àti ọ? Ẹni tí kò bèèrè ni yóò tún gbogbo rẹ̀ kọ lọ́fẹ̀ẹ́. Gba ìdajì owó kí o tó bẹ̀rẹ̀. Kọ́ KoboCollect, áàpù tí wọ́n fi ń gba ìdáhùn sórí fóònù lóko ìwádìí. Ọ̀sẹ̀ kan ti tó. Kí o sì gba nọ́ḿbà IFU, ìyẹn nọ́ḿbà owó orí, nítorí láìsí i o kò lè ṣe ìwé owó tí ilé iṣẹ́ gidi máa gbà.

Ohun kan kù tó ń pa dósíyè ju àìmọ̀wé lọ: orúkọ. Bí ìwé ìbí rẹ bá kọ Adéchina, tí díplómà kọ Adeshina, ènìyàn méjì ni lójú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ bèèrè lọ́dọ̀ ANIP, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìdánimọ̀ ènìyàn, bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, kí o sì ṣe é lóṣù yìí, nígbà tí kò tíì sí ìkéde kankan níta, torí àtúnṣe orúkọ lè gba ilé ẹjọ́ kọjá, ọjọ́ ìgbàwé kì í sì í dúró de ilé ẹjọ́.