Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ohùn ń já gaara, fáàsì kò lọ

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tẹ ìwé, tí a sì ti ń fi ìwé ránṣẹ́, ní Mòlípà, Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn àgbà tó ṣiṣẹ́ ní òkè òkun kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wà lára àwọn oníbàárà mi, àwọn kan nínú iléeṣẹ́ tó ń san owó ìfẹ̀yìntì wọn sì ń fẹ́ kí ìwé gba orí fáàsì wá. Láti ìgbà tí mo ti kúrò lórí tẹlifóònù oníwáyà bọ́ sórí fóònù íntánẹ́ẹ̀tì ni wàhálà ti dé. Bí a bá fi fóònù náà sọ̀rọ̀, ohùn a já gaara. Bí ìwé bá jẹ́ ojú ewé kan, ó sábà máa ń lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìpè a já láàárín. Mo ti ra ẹ̀rọ fáàsì mìíràn, síbẹ̀ kò yí padà. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá oníṣọ́ọ̀bù, Ìjẹ̀bú-Òde.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa. Ó dùn wá pé ẹ ti náwó sórí ẹ̀rọ tuntun, nítorí gbogbo àmì tí ẹ kọ sílẹ̀ ń tọ́ka sí ọ̀nà tí ìwé ń gbà, kì í ṣe sí ẹ̀rọ tó ń fi í ránṣẹ́.

Ìlànà fáàsì tí a ń pè ní Group 3, tó ti wà láti 1980, ni a ṣe fún wáyà tẹlifóònù tí ohùn ń ṣàn lórí rẹ̀ láì dáwọ́ dúró láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Fóònù íntánẹ́ẹ̀tì kì í rán ohùn bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń gé ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ìdì 50, á sì rán wọn lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí a bá pín ẹrù fún ọlọ́kadà 50 láti gbé e dé Ṣàgámù: púpọ̀ nínú wọn á dé, ṣùgbọ́n wọn kò ní fi àlàfo kan náà tẹ̀ léra, òmíràn sì lè má dé rárá. Bí ìdì kan bá sọnù nígbà tí ẹ ń bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, etí yín kò ní fura. Fáàsì tó ń rán bíìtì (ẹyọ ìsọfúnni tó kéré jù lọ) 14,400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ní tirẹ̀, á pàdánù bíìtì 288 nínú ìdì kan ṣoṣo náà, kò sì sí bí ó ṣe lè méfò ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ohùn tó já gaara kì í ṣe ẹ̀rí pé ọ̀nà náà dára fún fáàsì.

Ní ti pé ojú ewé kan ń lọ tí mẹ́ta kò sì lọ, àpótí kékeré tí ẹ fi so fáàsì mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní ATA, ní ibi ìdúró kan nínú tí àwọn ìdì ti ń dúró de ara wọn. Aago inú àpótí yín àti aago ẹ̀rọ tó wà ní òdìkejì kì í rìn dọ́gba pátápátá. Díẹ̀díẹ̀ ni ibi ìdúró náà á máa kún jù tàbí kí ó máa gbẹ, títí àpótí náà yóò fi sọ ìdì kan nù tàbí kí ó fi òfìfo dí àlàfo. Bí ìpè bá ṣe pẹ́ tó ni ewu yìí ṣe ń pọ̀ tó.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe ni pé kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń pèsè fóònù náà bóyá wọ́n ń gba T.38, ìlànà tí àjọ ITU gbé jáde ní 1998 nítorí ìṣòro yìí gan-an. Lábẹ́ T.38, àpótí ATA kì í rán ariwo fáàsì mọ́; ó máa ń túmọ̀ rẹ̀, á rán ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó sì lè di ẹ̀dà ohun tó ti rán ṣáájú mọ́ ìdì tuntun, kí èyí tó bá sọnù lè rí arọ́pò. Bí wọ́n bá ní àwọn ń gbà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n tan án lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì tan án nínú ATA yín.

Bí wọn kò bá gbà á, ẹ wo inú ATA yín, níbi tí a ti ń yan ìlànà tó fi ń sọ ohùn di nọ́ńbà: ẹ yan èyí tó ń jẹ́ G.711, kí ẹ sì pa G.729 tì. G.729 ń fún ohùn pọ̀ dé bíìtì 8,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ohùn ènìyàn ni a sì ṣe é fún. Ó máa ń ba ariwo fáàsì jẹ́. G.711 ń lo 64,000, èyí tó máa ń sún mọ́ 90,000 bí a bá ka àkọlé ara ìdì mọ́ ọn, ní àlọ àti ní àbọ̀. Ẹ pa ohun tó ń gé ìdákẹ́jẹ́ kúrò nínú ìpè, kí ẹ sì jẹ́ kí ibi ìdúró náà ní ìwọ̀n kan tí kì í yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ dín eré ẹ̀rọ fáàsì kù sí 9,600.

Àwọn kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ pa ECM, ètò tó ń mú kí ẹ̀rọ tún apá tó bàjẹ́ rán. Òótọ́ ni pé ìpè lè parí bí ẹ bá pa á, ṣùgbọ́n ìlà lè bàjẹ́ lórí ìwé láìsí ẹni tó mọ̀. Lórí ìwé ìfẹ̀yìntì, níbi tí nọ́ńbà kan ṣoṣo ti lè dá owó àgbàlagbà dúró, èmi kò ní pa á àyàfi bí gbogbo ọ̀nà yòókù bá kùnà. Bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá sì jẹ́ ti orí òpó fóònù alágbèéká, tí gbogbo àdúgbò jọ ń lò, ẹ má ṣe fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀sán Ojúde Ọba tí èrò ti kún ìlú.

ÌBÉÈRÈ: Ní ọ́fíìsì wa ní Ṣàgámù, T.38 ti wà ní títàn, síbẹ̀ fáàsì kì í lọ rárá. Òdìkejì á gbé e, a ó gbọ́ ariwo híhan, ìpè á sì já. — Akọ̀wé, Rẹ́mọ.

ÌDÁHÙN: Bí ohùn lásán ni ìpè fáàsì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ òdìkejì bá ti dún ní 2,100 Hz ni wọ́n tó máa ń béèrè pé kí a bọ́ sórí T.38, ó sì jọ pé níbẹ̀ gan-an ni tiyín ti ń já. Ẹ pa T.38 fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ fi G.711 dán an wò. Bí ó bá lọ, ẹ sọ wákàtí tí ìpè kọ̀ọ̀kan já àti nọ́ńbà tí ẹ pè fún àwọn tó ń pèsè fóònù yín, kí wọ́n lè wá ibi tí wọn kò ti gba ìbéèrè T.38 náà. Ẹ wo inú ráútà yín pẹ̀lú: bí SIP ALG, ètò inú ráútà tó ń dá sí ìpè fóònù íntánẹ́ẹ̀tì, bá wà ní títàn, ẹ pa á, nítorí ó máa ń yí ọ̀rọ̀ inú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ padà. Bí ẹ̀rọ fáàsì yín bá sì jẹ́ Super G3 tó ń sáré 33,600, ẹ dín in kù sí 14,400 kí ẹ tó tún pè.