Kì í ṣe ibi tí o ń wò ni ẹ̀rù wà

Lẹ́tà: "Màmá, ẹ gbà mí. Ọmọ ọdún 27 ni mí, iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe ní Akúrẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, lẹ́yìn ìnáwó kan ní Ọba-Ilé, èmi àti ọmọbìnrin kan fẹnu ko ara wa lẹ́nu, ó sì fi ọwọ́ pa mí lára títí àtọ̀ fi jáde. A kò bá ara wa lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ibà dé, ọ̀fun ń dùn mí. Mo ń lo Ampiclox, oorun kò kùn mí mọ́. Mo mọ̀ pé HIV ni. Èmi àti ọ̀rẹ́bìnrin mi àtijọ́ jọ wà fún ọdún méjì láìlo rọ́bà, n kò sì ṣe àyẹ̀wò rí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe mí. Oṣù mẹ́jọ rèé tí a ti pínyà. Oṣù tó ń bọ̀ ni mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ èmi àti àfẹ́sọ́nà mi."

Ọmọ mi, fara balẹ̀. HIV kì í ti inú itọ́ ran ènìyàn, kì í sì í gba orí awọ ara wọlé. Inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀, omi ojú ara obìnrin, omi inú ihò ìdí àti omi ọyàn ló ń gbé. Ọ̀nà tó sábà fi ń ranni ni ìbálòpọ̀ láìsí rọ́bà, abẹ́rẹ́ tí ẹlòmíràn ti lò, tàbí láti ara ìyá sí ọmọ. Àtọ̀ tó jáde lọ́jọ́ náà, tìrẹ ni. Ibo ni kòkòrò fẹ́ gbà wọ ara rẹ?

Ibà ńkọ́? Òótọ́ ni pé ara àwọn kan máa ń gbóná ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n kó o. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni màléríà ń ṣe. Dókítà pàápàá kò lè fojú lásán wo ibà kó ní HIV ni. Jọ̀ọ́, jáwọ́ nínú Ampiclox yẹn. Kò lágbára kankan lórí HIV.

Gbólóhùn kan wà tí o sáré kọjá, ibẹ̀ gan-an ni àyà mi ti já: ọdún méjì láìlo rọ́bà, láìṣe àyẹ̀wò. N kò sọ pé ọ̀rẹ́bìnrin rẹ ní in o. Ìwọ náà kò kàn mọ̀ ni, nítorí HIV lè wà lára ènìyàn fún ọdún púpọ̀ kí ara rẹ̀ máa dán. Ti Ọba-Ilé ń tì ọ́ lójú, ìdí nìyẹn tí o fi rò pé ibẹ̀ ni àìsàn wà. Ìtìjú kì í ṣe àmì HIV.

Lọ ṣe àyẹ̀wò. Ilé-ìwòsàn ńlá UNIMEDTH wà ní Akúrẹ́ níbẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ kí ojúlùmọ̀ rí ọ, wọkọ̀ lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n á gún ọ ní orí ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti omi oògùn sórí pélébé kan, ẹ ó sì dúró bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ìlà kan péré bá yọ, wọn kò rí i. Bí ó bá jẹ́ méjì, wọ́n á fi irú mìíràn tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ ohunkóhun. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ni irú àyẹ̀wò yìí tó ń fọwọ́ sọ̀yà, ti ìwọ àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ àtijọ́ sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Èsì tí wọ́n bá fún ọ, gbà á gbọ́, má tún máa ti ilé àyẹ̀wò kan bọ́ sí òmíràn.

Bí wọ́n bá rí i, ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ìjọba. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kì í fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni. Ó lè fẹ́ ìyàwó, ó lè bímọ.

Ẹ̀yin mìíràn tó ń kà á, bí rọ́bà bá bẹ́, tàbí tí wọ́n bá fipá bá ènìyàn lò, ẹ má jókòó kọ lẹ́tà sí mi. Ilé-ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbà lọ́jọ́ náà. Oògùn wà tó ń dènà HIV. Kí wákàtí 72 tó pé lẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 28 lẹ ó sì fi lò ó.

Ìwọ ọmọ mi, má dá lọ. Mú àfẹ́sọ́nà rẹ dání kí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó dé, kí ẹ jọ ṣe é, kí ẹ sì ṣe ti jẹ́nótáìpù lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá bèèrè ìdí rẹ̀, sọ fún un pé o kò tíì ṣe é rí láyé rẹ.