Ẹ Bi Bàbá Ọdẹ: Rìfọ́fà kan ṣoṣo tó lè ṣe gbogbo iṣẹ́, èwo ni kéèyàn rà?

Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ rìfọ́fà, ìbọn ìléwọ́ tí ọta ẹ̀ wà nínú àgbá kékeré tó ń yí (sìlíńdà), ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Texas. Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ ńlá ni mò ń wà ní Houston níbí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé lápá Katy, ẹ̀yìn ilé wa ṣì jẹ́ igbó, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ máa ń wọlé wá hú koríko wa lóru. Mo fẹ́ ra rìfọ́fà, ẹyọ kan o, torí ìyàwó mi ní ìbọn méjì ò lè wọlé òun. Mo fẹ́ èyí tí màá fi ṣọ́ ilé, tí màá lè gbé sára tí mo bá ń jáde, tí màá lè mú lọ sí rénjì, ibi tí wọ́n ti ń fi ìbọn dánra wò, ní Sátidé, tó sì máa wúlò nínú igbó ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tó ń tà á ní kí n mú kékeré olójú márùn-ún, tó ń gba ọta márùn-ún, ọ̀rẹ́ mi ní .44 Magnum ni kí n rà bíi ti inú sinimá. Orí mi ti dàrú. — Dírẹ́bà, Houston

Àbúrò, o kú oríire ilé tuntun, ilé á tura o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ẹ lésì kí n tó máa rojọ́: ra .357 Magnum onírin stainless, ọ̀pá íǹṣì mẹ́rin, olójú mẹ́fà, kó o sì máa ki .38 Special sínú ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti sọ tèmi tán, àlàyé ló kù.

Ìbọn méjì ló wà nínú ẹyọ kan yẹn. Ọta .38 Special ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1890, Smith & Wesson gbé .357 Magnum jáde ní 1935, ìbú wọn dọ́gba, àmọ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí .357 fi bí ìdá mẹ́jọ íǹṣì kan gùn ju àbúrò ẹ̀ lọ kó má baà wọ inú ìbọn .38 àtijọ́, torí agbára ẹ̀ lè fọ́ irú ìbọn bẹ́ẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Torí náà ìbọn .357 á jẹ méjèèjì, ìbọn .38 ò gbọ́dọ̀ jẹ .357 láéláé. Tó o bá wà ní rénjì tàbí nínú ilé, .38 tó ẹ, kì í tani púpọ̀, ariwo ẹ̀ náà ò tó ti .357 (ẹni tó bá yin .357 nínú yàrá lóru láìbo etí, etí ẹ̀ á máa hó títí ilẹ̀ á fi mọ́, iná ẹnu ìbọn náà á sì bo ojú ẹ̀). Tó bá di ti ẹlẹ́dẹ̀, o ki .357 tó wúwo sí i, ó parí.

Ti kékeré olójú márùn-ún tí wọ́n fẹ́ tà fún ẹ ńkọ́? Ìyà yẹn ti jẹ mí rí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kankan. Ìbọn tí mo kọ́kọ́ rà nílẹ̀ yìí, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà sọ fún mi pé “ó fúyẹ́, o ò ní mọ̀ pé o gbé e,” òótọ́ ló sọ, bíi fóònù ló rí lápò. Mo gbé e dé rénjì, mo ki .357 sí i torí pé wọ́n kọ .357 sára ẹ̀, ọta kẹta ni mo ti rí ẹ̀jẹ̀ láàárín àtàǹpàkò mi àti ìka tó tẹ̀lé e. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mi ò lè bu òkèlè. Ọwọ́ òsì ni mo fi jẹ ẹ̀bà nínú ilé ara mi, àwọn ọmọ mi sì ń wò mí bí ẹni tó ya wèrè. Ohun tí ọ̀gá yẹn ò sọ ni pé bí ìbọn bá ṣe ń fúyẹ́ sí i ló ṣe ń tani sí i. Àwọn kékeré yẹn, Smith & Wesson 642 fún àpẹẹrẹ, bí àáǹsì 15 ni gbogbo ẹ̀, .38 nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún. Ó dáa fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yìn dáadáa tó fẹ́ nǹkan àpò. Kì í ṣe ìbọn àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe ìbọn ẹlẹ́dẹ̀.

.44? Ọ̀rẹ́ rẹ ti wo sinimá jù. Ọta ẹ̀ wọ́n, ìyàwó rẹ ò ní fẹ́ fọwọ́ kàn án, ìwọ náà á yìn ín lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, wàá wá sọ ọ́ di ẹrù inú séèfù.

Wàyí o, nínú àwọn oní-íǹṣì mẹ́rin, Ruger GP100 tó jáde ní 1985 àti Smith & Wesson 686 ni kó o lọ dì mú níwájú gbogbo ẹ̀. Méjèèjì súnmọ́ àáǹsì 40, ìyẹn pọ́n-ùn méjì ààbọ̀. 686 ló dán jù, tírígà ẹ̀ náà sì rọrùn láti fà jù, àmọ́ ọkàn mi fà sí Ruger, ó rí bí ọkọ́ àgbẹ̀, kò wá ẹwà ẹnikẹ́ni. Iléeṣẹ́ Colt náà ti dá Python, .357 tiwọn, padà sọ́jà ní 2020, ó rẹwà gan-an, owó ẹ̀ náà rẹwà. Ẹni tó bá ní Model 19 àtijọ́ ti Smith & Wesson, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láàárín àwọn ọdún 1950, ohun iyebíye ló ní lọ́wọ́, àmọ́ kó rọra: ìdí ọ̀pá ẹ̀, níbi tí ọta ti ń kúrò nínú sìlíńdà, wọ́n fá a pẹlẹbẹ nísàlẹ̀ kó lè ráyè wọlé, ibẹ̀ ló sì máa ń sán tí wọ́n bá ń fi .357 tó fúyẹ́ tó sì gbóná lù ú léraléra. Ìdí tí wọ́n fi ṣe ara 686 nípọn sí i nìyẹn.

Ibi tó máa dùn ẹ́ ni gbígbé sára. Mi ò ní purọ́ fún ẹ, pọ́n-ùn méjì ààbọ̀ níbàdí nínú ooru Houston kì í ṣe eré. Abẹ́ agbádá ló ti máa ń sinmi dáadáa, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ kọ́ là ń wọ agbádá. Ra bẹ́líìtì aláwọ tó le àti akọ̀ tó bo tírígà pátá, má fi owó ẹ̀ ṣahun. Tó o bá gbé e fún oṣù kan tó o rí i pé ojoojúmọ́ lo ń fi í sílẹ̀ nílé, a jẹ́ pé ilé ló wà fún, kò burú.

Àwọn kan á ní kí ló dé tá a fi ń sọ rìfọ́fà nígbà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ti lọ síbi oní-mágásíìnì, èyí tí wọ́n ń to ọta ẹ̀ sínú àpótí kékeré tó ń wọ inú ìdìmú. Ṣakabùlà ni bàbá mi fi ń ṣọdẹ lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́. Ọta kan, ẹ̀tù, ọ̀pá tí wọ́n fi ń gún un wọlé, tí òjò bá fi lè kan ẹ̀tù yẹn, ìbọn ti di igi ìdáná. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó fà á tí kò dún, ìgalà náà dúró, ó ń wò wá bí ẹni pé ó fẹ́ kí wa. Rìfọ́fà, tí ọta kan bá kọ̀, tún tírígà fà, òmíràn á yí wá. Kì í sábà há, kò sì sí pé ò ń wá bọ́tìnì ààbò tí wọn á tẹ̀.

Nǹkan méjì péré ló kù fún ẹ. Tó o bá ti ń yin .38 nínú .357 fún ìgbà pípẹ́, dúdú kan máa ń dì bí òrùka nínú ojú sìlíńdà, níbi tí ẹnu .38 mọ, ọjọ́ tó o bá wá fẹ́ ki .357 á máa há. Búrọ́ọ̀ṣì àti òróró ni, fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tó o bá ti rénjì dé. Ìkejì, bi ìjọba àdúgbò yín léèrè kó o tó yìnbọn sí ẹlẹ́dẹ̀ kankan, torí ilé pọ̀ níbẹ̀ báyìí, ọta tó bá fo ẹlẹ́dẹ̀ ò ní dúró nínú ọgbà rẹ.

Bàbá, ọkọ mi ra rìfọ́fà .357 láì bi mí, ó ní tèmi náà ni. Mo gbìyànjú ẹ̀, tírígà yẹn le bí òkúta, ó tún ta mí lọ́wọ́ tó fi jó mi níka. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé e sí. Ìbejì wa ti pé ọdún mẹ́fà. — Ìyá Ìbejì, Dallas

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lónìí, kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, àmọ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe pẹpẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tírígà tó le ò ní jẹ́ kí ọmọ lè fà á, ọmọ ọdún mẹ́fà lè fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í. Ẹ ra séèfù kékeré onínọ́ńbà, ẹ kàn án mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìbọn inú ẹ̀ ò ní ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ kẹ́ ẹ tó mú un. Òfin Texas gan-an sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ tí ò tí ì pé 17 bá rí ìbọn tó ní ọta mú nítorí àìbìkítà àgbà.

Ìka tó jó yín, mo mọ ohun tó fà á láì dé ibẹ̀. Àlàfo tín-ín-rín kan wà láàárín sìlíńdà àti ọ̀pá, iná àti èéfín gbígbóná máa ń yọ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ọkọ yín kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di ìbọn oní-mágásíìnì mú, àtàǹpàkò òsì wá nà lọ síwájú. Ẹ ká àtàǹpàkò òsì bo ti ọ̀tún lórí, kó má kọjá ẹ̀yìn sìlíńdà. Kí wọ́n pààrọ̀ ibi ìdìmú ẹ̀ sí rọ́bà tó bá ọwọ́ yín mu, kẹ́ ẹ máa yin .38 tí kò lágbára jù. Tírígà yẹn náà, tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ọta kúrò, tẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, tẹ́ ẹ wá ń fà á lófìfo sí ara ògiri tí kò séèyàn lẹ́yìn ẹ̀, mẹ́wàá mẹ́wàá lálẹ́, láàárín oṣù kan ìka yín á ti le. Tí ò bá ṣeé ṣe síbẹ̀, a jẹ́ pé ìbọn ilé yín kọ́ nìyẹn, ti ọkọ yín ni, kó lọ wá òmíràn, torí ìbọn ilé tí ìyàwó ò lè yìn, ìdajì ìbọn ni.

Ẹ̀gbọ́n, físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ni mo wà lórí ẹ̀, ṣé mo lè ra rìfọ́fà? Ẹ̀gbọ́n mi tó ní green card ní òun lè bá mi rà á. — Akẹ́kọ̀ọ́, Arlington

Rárá, má ṣe é. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gba ẹni tó wà lórí físà àlejò láyè láti ní ìbọn tàbí ọta, àfi àwọn ààyè díẹ̀ bíi ti ẹni tó ní ìwé ọdẹ tó ṣì wúlò, èyí náà, lọ́yà ni kó o bá jókòó kó o tó dán an wò. Fọ́ọ̀mù 4473 tí wọ́n máa fún ẹ ní ṣọ́ọ̀bù bi ọ́ léèrè nípa físà gbangba, irọ́ tó o bá pa síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni, ìwé ìgbéèlú rẹ náà ti lọ nìyẹn. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ tún burú jù, torí fọ́ọ̀mù yẹn kan náà á bi í bóyá òun gan-an ló ń rà á fún ara ẹ̀. Òun tó ní green card lè ra tiẹ̀ tó bá ti pé ọdún 21, tiẹ̀ o, kì í ṣe tìẹ.

Ṣé mo lè gbé rìfọ́fà mi bọ̀ wá Ìbàdàn ní Kérésì? Ó níwèé ní Texas. — Wọlé-wọ̀de

Ìwé Texas ò dé gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, ká má tíì sọ Ìbàdàn. Láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni ẹni tó ti pé 21, tí òfin ò dènà fún, ti lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láì gbàwé, àmọ́ Texas nìyẹn. Ní Maryland, wọ́n á bi ẹ́ ní ìwé kó o tó rà á rárá. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ka rìfọ́fà àti písítù mọ́ àwọn ìbọn tí wọ́n fòfin dè, àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Fi í sílẹ̀ nínú séèfù, máa bọ̀ pẹ̀lú ṣokoléètì. Ẹ̀yin ará London tẹ́ ẹ tún kọ̀wé, tiyín ò gùn: láti 1997 ni níní ìbọn ìléwọ́ bíi rìfọ́fà ti parí níbẹ̀.

Ẹnìkan fẹ́ ta tòkúnbọ̀ 686 fún mi. Kí ni kí n wò? — Bàbá Bọ́lá, San Antonio

Tòkúnbọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Bàbá Bọ́lá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣí sìlíńdà, ẹ fi ìka kan gbogbo ojú ẹ̀ láti rí i pé ó ṣófo, má fi ojú nìkan wò ó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀pá láti iwájú: tẹ́ ẹ bá rí òjìji tó yí po bí òrùka, ọ̀pá yẹn ti wú, ẹ dá a padà. Ẹ pa á dé, ẹ rọra fa òòlù ẹ̀ (irin ẹ̀yìn tó ń lu ọta) sẹ́yìn, kẹ́ ẹ gbọ́ kí sìlíńdà tì pa kí òòlù tó dé òpin, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí ọ̀kan lè máa pẹ́ dé ju àwọn yòókù lọ, ẹ máa fi àtàǹpàkò di òòlù náà mú sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Tí sìlíńdà bá ti tì pa, ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀, kó mì díẹ̀ ò burú, àmọ́ tó bá ń dún ṣaworo, rárá. Tí òòlù bá wà lẹ́yìn, ẹ fi àtàǹpàkò ti òòlù náà láti ẹ̀yìn láì fọwọ́ kan tírígà, tó bá já wálẹ̀, ikú ló wà níbẹ̀. Ẹ wo orí àwọn síkúrúù ara ẹ̀ náà, tí ẹnu wọn bá ti ya, ẹni tí ò mọṣẹ́ ti tú u rí. Tí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò fẹ́ kẹ́ ẹ fa òòlù, ẹ fi owó yín sápò.