Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Géèmù Tí Kì í Súni àti Èyí Tí Ó Tètè Ń Súni

Lẹ́tà mẹ́rin ni a yàn fún ti oṣù yìí, gbogbo wọn ni ó wá láti Èkó, géèmù orí ẹ̀rọ sì ni gbogbo wọn dá lé.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin mi, ẹni ọdún 16, ni ó mú mi kọ̀wé. Bàbá rẹ̀ ra géèmù tuntun kan fún un, ọ̀kan tí àwòrán rẹ̀ dán bí ẹni ń wo fíìmù. Kò pẹ́ tí ó fi parí rẹ̀, láti ìgbà náà ni kò sì ti bojú wò ó mọ́. Ṣùgbọ́n ó ní géèmù àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tetris, tí kò ní ìtàn, tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀, tí ó jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù lásán ni ó ń já bọ́ láti òkè. Láti ìgbà tí ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó ti ń gbá a, kò sì tíì sú u. Kí ni ó wà nínú èyí tí kò sí nínú ìyẹn? Mo fẹ́ mọ̀ kí a tó tún náwó. — Ìyá ọlọ́mọ kan, Sùúrùlérè

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ohun tí ọmọ yín ń ṣe kò ṣàjèjì rárá, ìbéèrè yín sì kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà gan-an. Èrè pàtàkì tí ó wà nínú géèmù tí bàbá rẹ̀ rà ni pé kí ó mọ ibi tí ìtàn náà yóò já sí. Èrè gidi ni, kò sì yẹ kí a fojú tín-ín-rín rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn lè gbà á. Tetris kò ní ìparí tí a lè sáré dé. Inú ọwọ́ àti ojú ẹni tí ń gbá a ni èrè rẹ̀ wà, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọwọ́ náà bá ṣe ń mọ́ sí i.

Alexey Pajitnov ni ó ṣe géèmù náà ní Moscow ní ọdún 1984, lórí kọ̀ǹpútà kan tí kò lè ya àwòrán, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àmì àkámọ́ tí a fi ń kọ̀wé ni ó fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Oríṣi búlọ́ọ̀kù méje péré ni ó wà, àpótí kéékèèké mẹ́rin ni ó sì para pọ̀ di ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àyè tí wọ́n ń já sí fẹ̀ tó àpótí 10, ó sì ga tó 20. Bí ìlà kan bá kún láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, yóò pòórá. Bí òkìtì bá kan òkè, eré ti parí nìyẹn. Ọmọdé tí kò tíì mọ̀wé kà yóò lóye òfin yìí.

Ibi tí ọgbọ́n wà ni póìǹtì. Nínú ẹ̀dà tí ilé iṣẹ́ Nintendo gbé jáde ní ọdún 1989 fún NES, ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ní ipele tí ó rọrùn jù lọ, ẹni tí ó bá pa ìlà kan rẹ́ yóò gba póìǹtì 40, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pa ìlà mẹ́rin rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà yóò gba 1,200. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, mà: ẹni tí ó pa ìlà mẹ́rin kan náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ní gbà ju 160 lọ. Búlọ́ọ̀kù gígùn gbọọrọ kan ṣoṣo ni ó lè pa mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò dé. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà ni ọmọ yín ń pinnu bóyá kí òun fi àyè sílẹ̀ de búlọ́ọ̀kù gígùn, kí òkìtì máa ga sí i títí àyà rẹ̀ yóò fi máa já, tàbí kí òun gba díẹ̀ kí ọkàn òun sì balẹ̀. Ìpinnu tí ó ṣe lánàá kò lè ràn án lọ́wọ́ lónìí, nítorí pé búlọ́ọ̀kù kò ní tò bí wọ́n ṣe tò lánàá.

Ohun kan tún wà tí mo kà sí òpómúléró gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí eré bá dàrú mọ́ ọmọ yín lọ́wọ́, ó mọ ibi tí ó ti dàrú. Ihò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò mọ́lẹ̀ wà lójú ẹ̀rọ níbẹ̀, ó ń wò ó, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè dì í rù. Ìjákulẹ̀ tí a lóye a máa dunni, ṣùgbọ́n kì í léni sá. Ṣe ni ó máa ń mú kí ara ẹni wà lọ́nà láti lọ tún un ṣe. Òun náà ni ó ń mú kí ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12 àti ọmọ ayò 48 péré, ṣì máa gbé àwọn àgbàlagbà jókòó ní Ìsàlẹ̀ Èkó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú: òpè tí ọ̀ta ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ mọ ihò tí kò yẹ kí òun kó, ó sì fẹ́ kí wọ́n tún ayò náà tò kíákíá.

Ẹ má sì rò pé yóò rí òpin rẹ̀ láìpẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń gbá ẹ̀dà NES yẹn gbà pé ipele 29 ni òpin, nítorí pé níbẹ̀ búlọ́ọ̀kù ń já bọ́ yára ju bí ọwọ́ ṣe lè tì í sí ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ̀rọ kò yí padà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ wá ọ̀nà tuntun, wọ́n ń fi ìka ọwọ́ kan lu ẹ̀yìn páàdì tí a fi ń darí géèmù kí bọ́tìnì lè máa tẹ ara rẹ̀ mọ́ àtàǹpàkò ọwọ́ kejì, ìyára wọn sì kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni rò tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọmọkùnrin ọdún 13 kan ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà gbá a títí ó fi dé ipele 157, tí géèmù náà fúnra rẹ̀ sì dákú lójú ẹ̀rọ, ohun tí ènìyàn kankan kò tíì ṣe rí lórí géèmù tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn náà.

Bí ẹ bá tún fẹ́ ra òmíràn fún un, ẹ má fi bí àwòrán ṣe dán ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ bi í pé, “Kí ni o lè ṣe nínú rẹ̀ nígbà kejì tí o kò lè ṣe nígbà àkọ́kọ́?” Bí ó bá rí èsì gúnmọ́ fún yín, owó yín kò ní ṣòfò. Èyí kò ní kí ẹ má ra géèmù onítàn mọ́. Bí ó bá wà lórí díìsìkì, ó ṣeé tà tàbí kí ẹ fi ṣe pàṣípààrọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà nígbà tí ó bá parí rẹ̀.

Ìbéèrè: Olóòtú, mo kí yín. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń sanwó gbá géèmù ní Mushin. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n máa ń gbá jù, ṣùgbọ́n mo gbé géèmù kan tí ó le wọlé láìpẹ́ yìí. Àwọn kan kò kúrò nídìí rẹ̀ mọ́. Àwọn kan sọ páàdì sílẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ń rẹ́ àwọn jẹ. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí ó le tí ó sì dára yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn ń fìyà jẹni? — Oníṣọ́ọ̀bù, Mushin

Ìdáhùn: Ẹ kú ọrọ̀ ajé, arákùnrin wa. Ẹ tẹ́tí sí ohun tí oníbàárà yín bá kọ́kọ́ sọ ní kété tí ó bá pàdánù. Bí ó bá ní, “Ó yẹ kí n ti yà sí apá òsì kí n tó lù ú,” géèmù yẹn dára, bí ó tilẹ̀ ti pa á lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá jẹ́ pé èpè nìkan ni ó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, tí kò sì rí ohun kan tọ́ka sí tí òun ìbá ṣe lọ́nà mìíràn, a jẹ́ pé ẹ̀sùn ìrẹ́jẹ náà lè jẹ́ òótọ́.

Ẹ wo Dark Souls, tí ilé iṣẹ́ FromSoftware ní ilẹ̀ Japan gbé jáde ní ọdún 2011 lábẹ́ ìdarí Hidetaka Miyazaki. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n sí géèmù líle, síbẹ̀ òfin rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ọ̀tá tí yóò bá gé ọ yóò kọ́kọ́ gbé idà sókè kí o rí i. Ibi tí ọ̀tá dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò tún dúró sí nígbà tí o bá padà wá, nítorí náà ẹ̀kọ́ tí o kọ́ kò ní já sí asán. Bí o bá kú, ohun tí o ti kó jọ yóò wà ní ibi tí o kú sí. Bí o bá tún dé ibẹ̀ láàyè, tìrẹ ni padà, ṣùgbọ́n bí o bá kú lójú ọ̀nà, ó ti lọ pátápátá. Ìbẹ̀rù àti ìrètí ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ìgbésẹ̀ kan náà yìí, mo sì kà á sí ọ̀kan lára ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù lọ tí ẹnikẹ́ni dá nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tí èmi kò fara mọ́ nínú rẹ̀ ni ọ̀nà jíjìn tí ènìyàn máa ń rìn lẹ́yìn ikú kí ó tó tún dé iwájú àwọn ọ̀gá ọ̀tá kan. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan nínú ìrìn náà.

Ìpèníjà tí ó dára a máa kọ́ni kí ó tó dán ni wò. Nínú Super Mario Bros., tí ó jáde ní ọdún 1985, apá òsì ojú ẹ̀rọ ni wọ́n gbé Mario, ẹni tí a ń darí, sí ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi àyè gbalasa sílẹ̀ ní apá ọ̀tún, kí ọwọ́ lè mọ ibi tí yóò kọrí sí. Ọ̀tá kékeré kan yóò máa rọra bọ̀. Ẹni tí kò bá fò yóò kú, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni, kò sí ohun tí ó ti kó jọ tí yóò pàdánù, yóò sì ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fò. Wọn kò kọ ọ̀rọ̀ ìtọ́ni kan ṣoṣo síbẹ̀. Ti Space Invaders ti ọdún 1978 tún yàtọ̀: bí àwọn ọ̀tá ṣe ń dín kù ni ẹ̀rọ náà ń ráyè ya àwọn tí ó kù kíákíá, nítorí náà wọ́n ń yára sí i. Tomohiro Nishikado, tí ó ṣe é, rí i pé èyí mú kí eré náà dùn sí i, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣeyọrí ẹni tí ń gbá a gan-an ni ó ń sọ géèmù náà di líle.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ bá yín sọ gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò. Láyé àwọn ẹ̀rọ tí a ń ju owó ẹyọ sí, ọ̀pọ̀ géèmù ni wọ́n ṣe kí ó lè tètè pani, kí owó mìíràn lè tètè wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ̀lé ọ̀nà yẹn nípa títò ẹ̀rọ yín sí ipele tí ó le jù. Bọ́ọ̀lù tí ènìyàn méjì ń gbá ni ó ń mú oníbàárà padà wá jù lọ, nítorí pé ọmọ àdúgbò tí ó jókòó tì í ni alátakò rẹ̀, alátakò náà sì ń kọ́ ọgbọ́n tuntun lójoojúmọ́. Kìkì kí ẹ má ṣe jẹ́ kí òpè máa kojú ọ̀ta nígbà gbogbo. Ẹ pa àwọn tí agbára wọn sún mọ́ra pọ̀, ẹ ó sì rí i pé àwọn méjèèjì ni yóò tún sanwó.

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, olóòtú wa. Géèmù orí fóònù mi máa ń fún mi lẹ́bùn lójoojúmọ́, bí mo bá sì fo ọjọ́ kan, mo ti pàdánù. Mo tún máa ń fi owó ra àpótí tí n kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kò dùn mọ́ mi mọ́, síbẹ̀ n kò lè fi í sílẹ̀. Ṣé géèmù tí ó dára ni? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Akọkà

Ìdáhùn: Rárá, àbúrò. Èrè tí ènìyàn kò mọ ìgbà tí yóò dé a máa dè é mọ́lẹ̀ ju èyí tí ń dé lásìkò lọ. Onímọ̀ ìhùwàsí B. F. Skinner fi èyí hàn láti ara àwọn ẹyẹlé àti eku. Ní ọdún 2018, àjọ tí ń mójú tó tẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Belgium kéde pé irú àpótí tí a ń fi owó rà yìí nínú àwọn géèmù kan jẹ́ tẹ́tẹ́ lábẹ́ òfin wọn. Bi ara rẹ pé, bí wọ́n bá mú gbogbo ẹ̀bùn náà kúrò lónìí, ṣé ìwọ yóò tún ṣí i lọ́la? Bí èsì rẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ.

Ìbéèrè: Olóòtú, irú géèmù wo ni ó yẹ ẹni tí iná kì í dúró ní àdúgbò rẹ̀? Ibi tí mo bá dé ni ó máa ń sọnù. — Òǹkàwé yín, Bàrígà

Ìdáhùn: Ẹ wá géèmù tí ìgbà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kúrú, tí kì í sì í tò bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà Rogue, tí ó jáde ní ọdún 1980, ni irú rẹ̀ ti wà: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni ó ń to àwọn yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ènìyàn ń wọ̀ lọ́tun nígbàkígbà, ẹni tí ó bá sì kú yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan lára àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ tí mo fẹ́ràn ni Hades ti ọdún 2020, níbi tí ọmọ ọba ayé àwọn òkú ti ń gbìyànjú láti sá jáde. Bí ó bá kú, ilé bàbá rẹ̀ ni yóò padà sí, àwọn ará ilé yóò sì ní ọ̀rọ̀ tuntun láti bá a sọ, nítorí náà ìtàn ń tẹ̀ síwájú nínú ìjákulẹ̀ náà. Ó wà fún Nintendo Switch, ẹ̀rọ géèmù àgbéká tí ó ní bátìrì tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ orí tẹlifíṣọ̀n nìkan ni ẹ ní, ẹ wádìí bí àwọn ibi ìfipamọ́, níbi tí géèmù ti ń tọ́jú ibi tí ẹ bá dé, ṣe jìnnà síra wọn kí ẹ tó rà á. Bí ó bá gùn ju bí iná ṣe máa ń pẹ́ tó ní òpópónà yín lọ, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ní inverter.