Ẹ Bi Wá Léèrè: Ta Ló Jẹ̀bi, Máníjà Ni Àbí Bọ́ọ̀lù?

Lẹ́tà lórí bésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà pọ̀ lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ máníjà ló sì kún inú wọn. A mú márùn-ún. Níbi tí a bá ti kọ ajubọ́ọ̀lù, pitcher là ń wí. Onígi ni ẹni tó di igi mú láti gbá bọ́ọ̀lù náà. Ayò ni run: ẹni tó bá yí béèsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká ló jẹ ẹ́.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbikíbi tí a bá ti pàdé, kò sí ká má dá ọ̀rọ̀ Hinch, máníjà Houston Astros, àti Greinke, ajubọ́ọ̀lù rẹ̀, sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ọdún 2019. Èmi ní àṣìṣe ńlá ni Hinch ṣe. Àna mi ní kò ṣe àṣìṣe kankan. Ẹ bá wa dá a. (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston)

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, eré keje World Series (ìdíje tó ń parí ọdún), inning keje (ìpín mẹ́sàn-án ló wà nínú eré kan), out kan ti wọlé (wọ́n ti lé ẹnì kan kúrò nínú mẹ́ta). Astros ń fi 2–0 ṣíwájú Washington Nationals. Ọwọ́ Zack Greinke dá ṣáká títí Anthony Rendon fi gbá home run (bọ́ọ̀lù tó kọjá odi pápá), tó wá di 2–1. Juan Soto tẹ̀lé e, ó gba béèsì ọ̀fẹ́. Bọ́ọ̀lù 80 péré ni Greinke tíì jù. Ibẹ̀ ni A. J. Hinch ti jáde, tó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀, tó pe Will Harris. Bọ́ọ̀lù kejì tí Harris jù ni Howie Kendrick gbá, ó lọ bá òpó apá ọ̀tún, home run ni, òun àti Soto wọlé, ó di 3–2. Nationals fi 6–2 gba ife.

Lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, gbogbo wa la mọ ibi tó yẹ ká ti gbé agbada sí. Ẹ gbé home run Kendrick jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kẹ́ ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta tí Hinch mọ̀ kí bọ́ọ̀lù yẹn tó kúrò lọ́wọ́ Harris.

Èkíní, ẹ̀ẹ̀melòó ni àwọn onígi tó ń bọ̀ ti rí ajubọ́ọ̀lù náà lálẹ́ yẹn? Onígi tó bá rí ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀kẹta a máa gbá a ju ti ìgbà àkọ́kọ́ lọ: ojú rẹ̀ ti mọ bọ́ọ̀lù náà, ó sì ti rẹ ẹni tó ń jù ú. Èkejì, ta ni arọ́pò? Ní sáà yẹn, bí ẹ bá pín iṣẹ́ Harris sí inning mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ayò 1.50 péré ni wọ́n ń rí jẹ lára rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí Kendrick gbá náà kò sì rọrùn: ìsàlẹ̀ ló wà, létí ìta. Ẹ̀kẹta, ta ló kù ní bullpen, ibi tí àwọn arọ́pò ń dúró sí? Gerrit Cole ni. Ó ti ju inning méje lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, síbẹ̀ ó dìde, ó na ara, wọn ò sì pè é títí eré fi parí.

Nítorí náà, àna yín jàre lórí Harris. Ẹ̀yin náà jàre díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe tètè yọ Greinke. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mú Hinch gan-an, Cole ni ká fi mú un. Eré kò sí lọ́la mọ́. Kí ni ẹ̀ ń tọ́jú ọwọ́ tó dára jù lọ nílé dè?

Ẹ wá fi wé ti Kevin Cash, máníjà Tampa Bay, ní ọdún tó tẹ̀lé e. Eré kẹfà World Series, Tampa Bay ń fi 1–0 ṣíwájú Dodgers. Blake Snell, ajubọ́ọ̀lù Tampa Bay, ti ju bọ́ọ̀lù 73, strikeout 9 (onígi tó kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì jáde), hit méjì péré (bọ́ọ̀lù tí onígi gbá tó fi dé béèsì). Àwọn mẹ́ta tó kàn láti gbá, Betts, Seager àti Turner, ti wá sí ìdí igi lẹ́ẹ̀mẹfà sí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ṣe wọ́n ní strikeout. Cash yọ ọ́, nítorí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo sáà nìyẹn: kí ẹnikẹ́ni má rí ajubọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kẹta. Òfin yẹn dára. Ibi tó ti bàjẹ́ ni pé Nick Anderson ló pè, ẹni tí wọ́n ti jẹ ayò lára rẹ̀ nínú eré mẹ́fà léraléra tó wọ̀ kẹ́yìn. Anderson ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ́ ló wà lórí òkìtì (ibi tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró sí) mọ́, Cash sì ń lò ó bí ẹni pé òun náà ni. Àṣìṣe yẹn ju ti Hinch lọ fíìfíì.

Èyí tó burú jù lójú tiwa ni ti Buck Showalter, máníjà Baltimore, ní ọdún 2016, nínú eré àṣekágbá kan ṣoṣo tí Baltimore lọ bá Toronto gbá. Zack Britton, ajubọ́ọ̀lù tó ń parí eré fún wọn, wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹtàdínláàádọ́ta (47) ni wọ́n fi ìṣíwájú lé e lọ́wọ́ ní sáà yẹn pé kó parí eré, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Showalter ń fi í pamọ́ de ìgbà tí Baltimore bá ṣíwájú, nítorí ohun tí wọ́n ń pè ní save nìyẹn. Ìṣíwájú ò dé. Inning kọkànlá, Ubaldo Jiménez ló wà lórí òkìtì, Edwin Encarnación gbá home run tó gbé ayò mẹ́ta wọlé, 5–2, eré tán. Britton ò ju ẹyọ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní iye eré tí ẹgbẹ́ kan borí kì í sọ òótọ́ nípa máníjà wọn. Kí ló wá ń sọ òótọ́? (Baltimore)

Iye ayò ló sún mọ́ òótọ́ jù. Bill James, onímọ̀ ìṣirò bésíbọ́ọ̀lù, ló gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀, ẹ lè fi fóònù yín ṣe é. Ẹ mú iye ayò tí ẹgbẹ́ yín jẹ ní sáà náà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí iye tí àwọn alátakò jẹ lára wọn. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ fi àpapọ̀ náà pín ti àkọ́kọ́. Èsì tó bá jáde, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà 162, nítorí iye eré tó wà nínú sáà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi Orioles yín ti ọdún 2012 ṣe é. Wọ́n jẹ ayò 712, àwọn alátakò jẹ 705 lára wọn. 712 lọ́nà 712 jẹ́ 506,944. 705 lọ́nà 705 jẹ́ 497,025. Àpapọ̀ wọn 1,003,969. Èsì rẹ̀ jẹ́ 0.505, èyí tó fún wa ní eré 82. Eré 93 ni wọ́n borí ní tòótọ́. Níbo ni mọ́kànlá yòókù ti wá? Nínú eré tí ayò kan péré pín, wọ́n borí 29, wọ́n pàdánù 9. Nínú eré tó kọjá inning mẹ́sàn-án, 16 sí 2.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Showalter ló ni í. Ó ní ipa tirẹ̀ níbẹ̀, torí irú eré bẹ́ẹ̀, ẹni tí máníjà bá pè ní inning kẹjọ ló ń tún un ṣe tàbí bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2013, Showalter kan náà ló wà níbẹ̀, Jim Johnson kan náà ló ń parí eré, eré ayò kan péré sì di 20 sí 31. Kò sí ẹni tí orí rẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Bí ẹ bá sọ owó ẹyọ sókè lẹ́ẹ̀méjìlélọ́gọ́jọ (162), ó lè fi mẹ́fà ju ìdajì lọ, ó lè fi mẹ́fà dín sí i, kí ó má sì sí ohun tó yàtọ̀ lára owó náà. Ẹ yọ kádàrá yẹn kúrò kẹ́ ẹ tó fún máníjà ní máàkì.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí: máníjà tó gbọ́n, bí wọ́n bá ti ń fi 11–1 na ẹgbẹ́ rẹ̀, ajubọ́ọ̀lù tó burú jù ló máa pè, kí àwọn tó dára lè sinmi. Wọ́n á tún jẹ mẹ́rin sí i lára ẹni yẹn. Ìṣirò yìí á kà á sí àléébù fún ẹgbẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ọgbọ́n ni.

Wọ́n ń lé máníjà bí ẹni lé ewúrẹ́ nídìí ẹ̀fọ́. Ṣé ó ń tún nǹkan ṣe? (Chicago)

Àpẹẹrẹ ò jìnnà sí yín. Ní 2023, Cubs borí 83, wọ́n pàdánù 79. Wọ́n lé David Ross, wọ́n fi 40 mílíọ̀nù dọ́là àti ọdún márùn-ún fa Craig Counsell wá láti Milwaukee. Ní 2024 ńkọ́? 83 sí 79. Milwaukee tó fi sílẹ̀, tó borí 92, borí 93 lọ́wọ́ Pat Murphy. Ní apá gúúsù ìlú yín, White Sox lé Pedro Grifol lóṣù Kẹjọ 2024, nígbà tó borí 28, tó pàdánù 89. Grady Sizemore gbà á, ó borí 13, ó pàdánù 32. Ẹni tí kò ní ẹran lọ́bẹ̀, pààrọ̀ alásè kò ní kó rí ẹran jẹ.

Ó máa ń tún un ṣe nígbà mìíràn o. Phillies ní 2022 wà ní 22 sí 29 nígbà tí wọ́n lé Joe Girardi. Rob Thomson borí 65, ó pàdánù 46, wọ́n dé World Series. Kẹ́ ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ wò ó bóyá àwọn tó ṣàìsàn ló padà dé tàbí bóyá alátakò tó rọrùn ni wọ́n ń pàdé. Ní ti Thomson, oṣù méjì ni Bryce Harper, onígi wọn, fi jókòó nílé pẹ̀lú àtàǹpàkò tó ṣẹ́, wọ́n sì ń borí. Ìyẹn ló jẹ́ ká gbà fún un.

Ṣé àmì ẹ̀yẹ Manager of the Year tó fi gbẹ́kẹ̀ lé? (London)

Rárá, kò tó. Àwọn akọ̀ròyìn ló ń dìbò, wọ́n sì ti dì í tán kí ìpele àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ju bí wọ́n ṣe rò lọ ló sábà máa ń gbé e. Gabe Kapler, máníjà Giants, gbé e ní 2021 lẹ́yìn tí wọ́n borí 107. Ní 2022 wọ́n borí 81, wọ́n pàdánù 81. Kí sáà 2023 tó parí, wọ́n ti lé e.

Ìbàdàn ni mo wà, orí fóònù ni mo ti ń wò ó lóru. Kí ni kí n máa kọ sílẹ̀ kí n lè dá máníjà lẹ́jọ́ fúnra mi? (Mọ́kọ́lá)

Ẹ kú ojú oorun, torí eré aago méje alẹ́ New York, aago méjìlá òru ló ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má gbìyànjú gbogbo eré 162. Ẹ mú ẹgbẹ́ kan, ogún eré, inning keje sókè nìkan. Ẹ fa ìlà sínú ìwé kan: inning, iye ayò, ẹni tó wà lórí béèsì, ohun tí máníjà ṣe, àti ìdájọ́ yín. Kẹ́ ẹ kọ ìdájọ́ náà kí bọ́ọ̀lù tó kàn tó jáde.

Bunt lẹ máa kọ́kọ́ rí: kí onígi kàn fi igi tẹ bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, kí ẹni tó wà lórí béèsì lè sún síwájú. Bí ẹnì kan bá wà ní béèsì kìíní tí out kò sí, ẹgbẹ́ náà ń retí bíi ayò 0.86 kí inning tó parí. Bí wọ́n bá fi bunt sún un sí béèsì kejì, tí out kan wá wọlé, ó já sí bíi 0.66. Ẹ̀bùn ni wọ́n fún alátakò yẹn. Ìgbà tí ayò kan péré bá tó láti fi parí eré nìkan la lè fojú fo ó. Láti 2020 ni wọ́n sì ti ń gbé ẹnì kan sí béèsì kejì lọ́fẹ̀ẹ́ bí eré bá kọjá inning mẹ́sàn-án. Bí ẹgbẹ́ onílé bá ń wá ayò kan níbẹ̀, bunt bọ́gbọ́n mu.

Tó bá pe arọ́pò, ẹ má wo onígi tó kàn nìkan. Ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ ju bọ́ọ̀lù fún onígi mẹ́ta, àyàfi bí inning bá parí tàbí tó bá farapa. Máníjà tó pe ọlọ́wọ́ òsì nítorí ọlọ́wọ́ òsì kan, tí ọlọ́wọ́ ọ̀tún méjì tó lágbára sì tẹ̀lé e, kò ka orúkọ àwọn onígi tán. Ẹ tún kọ ọjọ́ tí arọ́pò náà ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kẹta léraléra nìyẹn, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á ti máa fà, ẹ sì lè rí ìyára rẹ̀ ní igun ojú fóònù yín.

Àtúnyẹ̀wò fídíò kan ṣoṣo ni máníjà ní lọ́wọ́, ìṣẹ́jú àáyá 15 ló sì fi ń pinnu. Tó bá gbà á tán ní inning kejì lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, ẹ kọ ọ́.

Ẹ má kọ iye owó tí wọ́n fi ra onígi, ẹ má sì kọ ẹni tí wọ́n tà. Ọ́fíìsì òkè ló ni ìyẹn, àwọn náà ló sì sábà máa ń bá a to orúkọ àwọn tó ń gbá. Bíírò ni kẹ́ ẹ fi kọ ìwé náà o, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Tí ẹ bá ti kọ “kò dáa,” tí bọ́ọ̀lù tó kàn wá di home run fún ẹgbẹ́ yín, ẹ fi “kò dáa” sílẹ̀ bó ṣe wà.