Ẹ ní kí ọmọ yín fara balẹ̀ ní Bassano

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọmọ yín ríṣẹ́ sí Bassano del Grappa ní Ítálì, ẹnì kan sì sọ fún yín pé kò sí nǹkan níbẹ̀ ju afárá onígi kan àti ọtí líle tí wọ́n ń pè ní grappa lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo gbé ìlú náà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan àga ni mo wà. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn kò tọ́, bẹ́ẹ̀ èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹsẹ̀ òkè ni Bassano wà, ní agbègbè Veneto, odò Brenta ló gba inú rẹ̀ kọjá. Orúkọ Grappa yẹn, òkè ni, kì í ṣe ọtí. Orí òkè náà ni ọ̀pọ̀ sójà kú sí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, torí tiwọn ni ìlú tó ń jẹ́ Bassano Veneto ṣe yí orúkọ padà ní 1928. Òótọ́ ni pé ọtí wà: láti 1779 ni ilé ọtí Nardini ti wà lẹ́nu afárá.

Afárá náà wá ńkọ́? Ní 1567, Brenta kún, ó gbé e lọ. Palladio, àgbà ayàwòrán ilé, fẹ́ fi òkúta tún un kọ́ bíi tàwọn ará Róòmù àtijọ́. Ìgbìmọ̀ ìlú ní rárá, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ làwọn ń fẹ́. Ní 1569 ló wá ya onígi tó ní òrùlé fún wọn. Omi tún gbé e lọ ní 1748, Bartolomeo Ferracina tún un kọ́. Àwọn ọmọ ogun Faransé dáná sun ún ní 1813, wọ́n tún un kọ́. Ogun Àgbáyé Kejì tún wó o, àwọn sójà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Alpini ló gbé e dìde ní 1948. Ní gbogbo ìgbà yẹn, igi náà ni, àwòrán Palladio náà ni. Káfíńtà àgbà kan níbi iṣẹ́ wa ló là mí lóye: ó ní òkúta á bá Brenta jà títí á fi fọ́, ṣùgbọ́n igi á máa gba ti omi rò.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Oṣù kẹta tí mo débẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi lọ ya fọ́tò lójú pópó kan tí igi tò sí létí, tí èèyàn ti ń wo òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Mo fi jákẹ́ẹ̀tì mi kọ́ igi kan, à ń rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan wá, kò bínú, ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó yí mi síhà igi náà. Fọ́tò kékeré ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lára rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti òdòdó tútù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 1944, ara àwọn igi yẹn ni àwọn ará Jámánì àti àwọn fásíìsì, ìyẹn àwọn ará Ítálì tó ń bá wọn ṣe, so ọkùnrin 31 rọ̀ sí títí wọ́n fi kú. Viale dei Martiri, ìyẹn Ojú Pópó Àwọn Ajẹ́rìíkú, lorúkọ ojú pópó náà. Mo mú jákẹ́ẹ̀tì mi, mo tọrọ àforíjì, ojú sì tì mí dọ́la.

Wọn kì í tètè sún mọ́ èèyàn níbẹ̀ o. Èdè Veneto làwọn àgbà máa ń sọ láàárín ara wọn, ọmọ yín á rò pé wọ́n ń yẹra fún òun. Kó má fi ṣèbínú. Kó máa lọ sọ́jà ìgboro ní Thursday àti Saturday, kó máa kí wọn. Ọdún kẹrin mi, nínú oṣù kẹrin, aládùúgbò tí kì í ju ẹ kú àárọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn mi, ó gbé ìdì ewébẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní asparagi funfun wá, èyí tí wọ́n ń gbìn sábẹ́ ilẹ̀ kí oòrùn má rí i. Ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi dì í. Ó jókòó, ó se ẹyin, ó fi òróró àti fínígà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin ń lọ tààrà láti ibẹ̀ sí Padova àti Venezia, kó má da ara rẹ̀ láàmú lórí mọ́tò.